Àmín Kọ́ Ni Ìdáhùn Ìròyìn

Kò sí ẹnì kankan láyé tó ń jẹ́ Wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì lọ́dọọdún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo sì ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn títí olóòtú kan fi bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ wá ẹlòmíràn bá jà. "Wọ́n ní ọjà máa gbówó lórí." "Wọ́n ní ọ̀nà ti dí." "Wọ́n ní onímọ̀ kan ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀." Ta ni Wọ́n? Ilé rẹ̀ dà? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe, tí gbogbo àlámọ̀rí ayé fi jẹ́ pé etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dé? Ọ̀rọ̀ tí a kò mọ ẹni tó bí i, kò yẹ kí a fún un ní àga nínú ilé ọmọlúwàbí. Wọ́n kan ṣoṣo tí mo gbà láyé ni bàbá mi, nítorí ọ̀wọ̀ kò jẹ́ kí n pè wọ́n ní "ó".

Ọwọ́ Bàbá gan-an ni mo ti gba ìbínú yìí. Láti ilẹ̀ Kàbà ni wọ́n ti wá ṣe akọ̀wé ìjọba ní Kàdúná nígbà èwe wọn, Barnawa ni wọ́n sì fẹ̀yìn tì sí, nínú ilé tó ní igi dogonyaro níwájú. Bíró pupa ni wọ́n fi ń ka ìwé ìròyìn. Wọ́n á kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ibi ìkéde òkú, wọ́n á sì fa ìlà pupa sí abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò ní olúwa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bàbá gbogbo ènìyàn ló ń máàkì ìwé ìròyìn bí ìdánwò.

Àgbà dé, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nǹkan funfun kan bo ẹyinjú ọ̀tún, ó sì ń yọ́ wọ inú ti òsì. Dókítà ojú ṣàlàyé fún wa pé iṣẹ́ abẹ kékeré ni: wọ́n á yọ ohun tó ti di funfun nínú ẹyinjú, wọ́n á sì fi dígí kékeré kan rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé bí a bá fi falẹ̀ títí, ó lè di ohun tí apá kò ní ká mọ́. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ fi ojú ṣe?" Bàbá ní. "Mo ti bí ojú. Ìwọ kọ́ nìyí? Máa kà á fún mi."

Báyìí ni mo ṣe di oníròyìn inú ilé, nítorí inú ilé Bàbá ni èmi àti ọmọbìnrin mi ń gbé láti ìgbà tí ìyá mi ti ṣaláìsí. Láàárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo á ti gba ìwé ìròyìn lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tà á ní oríta, mo á ti gbọ́ rédíò ní Hausa àti ní èdè òyìnbó, mo á sì ti yẹ orí fóònù wò. Mo á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo á sọ ọ́ di Yorùbá tó gún régé, mo á sì kà á ní fàráǹdà. Ètò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ìròyìn àgbáyé ló ń ṣáájú, òṣèlú tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà sáyẹ́ǹsì, ọrọ̀ ajé sì ni àṣekágbá. Bàbá ní ẹni tó bá fi ọrọ̀ ajé ṣáájú kò fẹ́ kí àgbà jẹun àárọ̀ ni. Oúnjẹ àárọ̀ náà sì dùn ju ìròyìn lọ: ẹ̀kọ mímu àti àkàrà, tí gbogbo wa ní ìlú yìí ń pè ní kóko àti kòsáì, tí a ń rà gbígbóná lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń dín in lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Bàbá kì í sì í gbé ìròyìn mì láìjẹ. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń bi í kó tó wọlé: Ta ló sọ ọ́? Níbo ló ti sọ ọ́? Ta ló máa jẹ nínú rẹ̀? Èyí tí kò bá lè dáhùn, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Oníròyìn òyìnbó á sọ ìtàn ìdìbò ìlú kékeré kan ní Yúróòpù títí a ó fi mọ àwọ̀ ajá ẹni tó ń du ipò, á wá fi gbólóhùn kan ṣoṣo gbá gbogbo Áfíríkà jọ bí ẹni ń gbá ìdọ̀tí. Tiwa kò sì sàn jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ìjọba kan á ní àwọn "ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò," oníròyìn á sì kọ ọ́ sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni pé gbígbé yẹ̀ wò jẹ́ ohun tí a lè sè jẹ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í kọjá lẹ́nu mi ní fàráǹdà wa. Mo á tú u sílẹ̀, mo á gbọn eruku rẹ̀ dànù, mo á sì sọ fún Bàbá pé: "Wọn ò tíì ṣe nǹkan kan." Bàbá á mi orí, wọ́n á sì mu kóko.

Bàbá nìkan ni mo rò pé mo ń kà á fún. Ṣùgbọ́n ohùn mi kì í ṣe kékeré, ògiri Barnawa kò sì ga. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá láti àdúgbò Mahuta. Bàbá Mahuta ni a ń pè wọ́n. Lẹ́yìn wọn ni aládùúgbò wa dé, ọmọ Èkó kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí, tó ń darí àwọn akọrin ìjọ. Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí Ìyá Akọrin. Òun ló kó wàhálà bá mi, nítorí kò mọ bí a ṣe ń gbọ́ ìkéde láìdáhùn.

"Ìjì líle wó ilé ní erékùṣù kan ní Éṣíà," mo kà.

"A ò ní rí i! Ẹ ṣe Àmín!"

"Àmín," ni Bàbá Mahuta wí, kòsáì kún ẹnu wọn.

"Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tún ti rí ìràwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí."

"Ìràwọ̀ tiwa náà á yọ! Àmín!"

"Ìyá Akọrin, ìròyìn ni mò ń kà, kì í ṣe àdúrà. Ìràwọ̀ náà jìnnà débi pé kò mọ̀ pé ẹ wà láyé."

"Ẹni tó dá a mọ̀ pé mo wà. Ẹ máa bá a lọ, Olùkọ́."

"Ìjọba fẹ́ kí owó orí àwọn oníṣòwò lọ sókè."

"Àmín!"

"Owó orí ni mo ní!"

"Ẹ ṣáà ti ní ó ń lọ sókè. Ohunkóhun tó bá ń lọ sókè, mi ò ní bá a jà láàárọ̀ kùtù."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Inú bí mi. Mo dìde dúró, mo sì là á mọ́lẹ̀ pé Àmín kọ́ ni ìdáhùn ìròyìn. Mo ní ìbéèrè ni ìdáhùn rẹ̀. Mo ní àwọn tó ń ṣèlú wa ti mọ̀ pé bí àwọn bá kéde ìyà, a ó ṣe Àmín sí i, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi dẹ́kun ìkéde. Mo fi òfin dè é. Ìyá Akọrin gba òfin náà pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń kà, á pa ẹnu dé, ètè rẹ̀ á sì máa mì.

Àwọn àárọ̀ náà dùn, n kò ní purọ́. Bí ilé aṣòfin ilẹ̀ òkèèrè kan bá túká nínú ìjà, Bàbá Mahuta á ní, "Bí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tiwa gan-an ni. Ta ló kọ́kọ́ gbé àga?" Ọmọbìnrin mi á gba àárín wa kọjá lọ sí ilé ẹ̀kọ́, á sì fi Hausa kí bàbá àgbà rẹ̀:

"Kaka, ina kwana!"

"Yorùbá ni mo fi tọ́ ìyá rẹ," Bàbá á ní. "Ṣé o sun dáadáa?"

"Lafiya lau, Kaka!" Á sì ti dé ẹnu géètì.

"Ẹ gbọ́ ọ," Bàbá á sọ fún àwùjọ. "Ohùn àwọn ọ̀gá ìjọba nìyẹn. Èdè tí a fi bi í kọ́ ló fi ń dáhùn."

Ṣùgbọ́n ìdùnnú yìí gan-an ló di ọ̀ràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá na ọwọ́ sí ife kóko wọn, ìka wọn sì bọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n ní kóko náà ló sún mọ́ wọn. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú òsì wọn, mo rí i pé funfun náà ti fẹ́ gba ibẹ̀ tán. Ìgbà yẹn ni ó yé mi: bí mo ṣe ń ka ìròyìn dáadáa tó, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá kò ṣe rí ìdí láti la ojú. Èmi tí mo ń bínú sí gbogbo ìjọba ayé nítorí àìbìkítà, èmi ni mo ń fi Yorùbá tó gún régé mú bàbá mi lọ sínú òkùnkùn, pẹ̀lú kòsáì gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mí ní Nàìjíríà. Ohun ìjà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n lò.

"Bàbá," mo ní, "láti ọ̀la lọ, mo yan iṣẹ́ lódì. N kò ka ìròyìn mọ́ títí ẹ ó fi gbà kí wọ́n ṣe ojú yín."

Bàbá yí ojú sí ọ̀dọ̀ mi. "Ta ni ìjọba nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dára. Ṣé ìjọba máa ń gbọ́?"

"Kì í gbọ́."

"Kí ló wá ń ṣe?"

"Ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò," ni Bàbá Mahuta bá mi dáhùn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e yẹ̀ wò, nígbà náà," Bàbá ní.

Ilẹ̀ mọ́, mo jókòó sínú pálọ̀, mo pa ẹnu mọ́. Mo rò pé fàráǹdà á dákẹ́. Kò dákẹ́. Ìyá Akọrin gbé fóònù rẹ̀ dé, ó tún ọ̀fun ṣe bí ẹni fẹ́ dá orin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn.

"Wọ́n ní òṣùpá máa sún mọ́ ayé lọ́la, kí gbogbo ènìyàn ká aṣọ wọn kúrò lórí okùn. Àmín."

Mo di apá àga mú.

"Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ iṣu mọ́, ó ń mú kí iṣu jẹrà."

"Ta ló sọ ọ́?" Bàbá béèrè.

"Wọ́n fi ránṣẹ́ ni, Bàbá."

"Ta ló fi ránṣẹ́?"

"Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí mi."

"Ta ló fi ránṣẹ́ sí òun?"

"Ha, Bàbá! Ṣé ìtàn ìran wọn ni kí n máa kà ni?"

Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Mo ń gbọ́ ọ láti pálọ̀, ó sì ń ṣe mí bí ẹni tí eṣinṣin wọ inú etí. Ìràwọ̀ tí mo fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé wọ inú ilé wa ti jáde lọ, iṣu tó ń bẹ̀rù fóònù ló gba ipò rẹ̀. Mo mọ̀ pé Bàbá ń jìyà. Wọ́n á béèrè ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ìyá Akọrin á dáhùn pé "wọ́n ní," Bàbá á sì mí kanlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, mo rí wọn tí wọ́n gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé e sún mọ́ ojú wọn títí ó fi kan imú, tí wọ́n sì dá a padà. Ó dùn mí wọ egungun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń yan iṣẹ́ lódì tó sì ń sunkún, ó ti pàdánù.

Ìyá Akọrin fẹ́ràn bàbá mi bí ẹni tó bí i. Ìfẹ́ yẹn ló mú un dé ní àárọ̀ kan pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ ọ̀tún, àti àlùbọ́sà ńlá pupa kan, irú èyí tó máa ń kún ọjà wa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́wọ́ òsì.

"Bàbá wa, Ọlọ́run ti dá wa lóhùn! Wọ́n ní bí funfun bá bo ojú àgbà, kí wọ́n fún omi àlùbọ́sà sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, á ṣí bíi fèrèsé. Kò sí iṣẹ́ abẹ, kò sí wàhálà. Mo ti bó o wá."

N kò mọ bí mo ṣe dé fàráǹdà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti dúró sí àárín Bàbá àti àlùbọ́sà, tí mo la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò kò gbọ́dọ̀ sọ sí aládùúgbò. Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Ta ló sọ ọ́?" Bàbá béèrè, jẹ́jẹ́.

"Wọ́n ní, Bàbá..."

"Níbo ló ti sọ ọ́?"

Ìyá Akọrin wo fóònù. Ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju àwòrán àlùbọ́sà lọ.

"Ọmọ mi," Bàbá sọ fún un, "nígbà tí mo ní ojú, kò sí àlùbọ́sà tó lè gba iwájú mi kọjá báyìí. Mo ti di ẹni tí ohunkóhun lè wọlé tọ̀." Wọ́n kọ ojú sí apá ibi tí mo dúró sí. "Ìwọ oníyanṣẹ́lódì. Ìjọba ti gbọ́. Lọ múra, kí o gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Bàbá Mahuta pàtẹ́wọ́. "Èyí ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí!"

Ìyá Akọrin bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín, a kò sì mọ̀ bóyá ìbànújẹ́ ni tàbí àlùbọ́sà. Mo gba àlùbọ́sà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyin ni a fi dín kí a tó jáde, ó sì dùn.

Ìyá Akọrin náà bá wa lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà, ọ̀dọ́bìnrin Hausa kan tí ohùn rẹ̀ tutù, jókòó sí iwájú Bàbá. "Baba, sannu." Bàbá kò fi ìkíni ṣòfò. Wọ́n fi Hausa bi í ní ìbéèrè wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ta ló sọ pé ojú mi á là, níbo ló ti sọ ọ́, ta ló máa jẹ nínú rẹ̀? Ojú tì mí. Dókítà náà kò bínú. Ó fi Hausa dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ti ń retí wọn.

"Èmi ni mo sọ ọ́, Baba. Níbí yìí ni mo ti sọ ọ́, ní ojú ọmọ yín. Ẹ̀yin ni ẹ máa jẹ nínú rẹ̀."

"Madalla," Bàbá yìn ín. "Èyí ní olúwa." Wọ́n sì tẹ̀lé e wọlé.

Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n tú báńdéèjì rẹ̀ kúrò, Bàbá ṣẹ́jú, wọ́n tún ṣẹ́jú, wọ́n sì tẹjú mọ́ mi.

"Ta nìyí?"

Mo sún mọ́ wọn. "Èmi ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Irun funfun tó wà lórí rẹ ni mò ń béèrè. Ìgbà wo ló dé? N kò gbọ́ ọ nínú gbogbo ìròyìn tí o kà fún mi."

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, dókítà ní Bàbá lè máa ka ìwé díẹ̀díẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ kà á, gbogbo wa péjọ sí fàráǹdà. Ọmọbìnrin mi pàápàá kò tíì lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo gba ìwé ìròyìn ní oríta, mo sì wo iwájú rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ni mo fẹ́ kí Bàbá fi la ojú. Mo ṣẹ́ ìwé náà po, mo fẹ́ fi ojú ewé sáyẹ́ǹsì hàn wọ́n, bóyá ìràwọ̀ kan tún ti yọ.

"Fún mi," Bàbá ní. "Láti iwájú."

Wọ́n nà án jìnnà sí ojú wọn, wọ́n sì ń ka àwọn lẹ́tà ńláńlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tú u sí Yorùbá bí mo ṣe máa ń tú u fún wọn.

"Owó... epo bẹntiróòlù... tún ti... lọ sókè."

Ní ọjọ́ mìíràn, kóko á ti dànù níbẹ̀. Mo á ti máa kọ lẹ́tà sí olóòtú nínú orí mi, gbólóhùn àkọ́kọ́ á sì ti gbóná. Mo wo Ìyá Akọrin. Ètè rẹ̀ ń mì. Ojú rẹ̀ ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi, bí ọmọ tó fẹ́ jáde lọ ṣeré.

"Àmín!" ni mo pariwo.

"ÀMÍN!" Ó fò sókè, Bàbá Mahuta náà fò dé ibi tí eékún wọn gbà, ọmọbìnrin mi ń pariwo "Àmín, Kaka, Àmín!" Obìnrin tó ń dín kòsáì sáré dé géètì pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

"Kai! Kí ló ṣẹlẹ̀?" ó béèrè ní Hausa.

"Owó epo ti lọ sókè!" Ìyá Akọrin dá a lóhùn, ó dì mọ́ ọn, ó ń jó. Obìnrin náà wò wá tìyanu-tìyanu, ó sì rọra padà sí ìdí iná rẹ̀.

Bàbá nìkan ni kò jó. Ìwé ìròyìn ṣì wà ní ọwọ́ wọn, iwájú orí wọn sì ti hunjọ bíi ti àtijọ́.

"Ẹ dákẹ́ ná," wọ́n ní. "'Ti lọ sókè.' Epo ní ẹsẹ̀ ni? Ta ló gbé e lọ? Kò sí nínú gbogbo ojú ewé yìí." Wọ́n na ọwọ́ sí mi láìwò mí. "Bíró pupa mi dà?"